Ọ̀wẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ayé tí wọ́n ń fi awò wọ̀. Mo jókòó nínú pálọ̀ mi ní Ìkẹ́rẹ́, mo ń ṣa ẹ̀wà tí a óò sè lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi obìnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọkùnrin náà ló sì ń sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ni. Ó ní níbi tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń pàtẹ ọjà wọn, wọ́n gbé ohun kan tó dà bí akoto ọlọ́kadà kọ́ òun lórí, ó bo ojú òun dẹ́ndẹ́n, ni òun bá bá ara òun ní ìlú kan tí òun kò dé rí. Bí òun bá yíjú sọ́tùn-ún, ilé wà lọ́tùn-ún. Bí òun bá gbójú sókè, ojú ọ̀run wà lókè. Ó dìde láti fi hàn wá bí òun ṣe ń yíjú, díẹ̀ ló kù kó tẹ àwo ẹ̀wà mi.

"Àǹtí," ó ní, "kò ní í pẹ́ mọ́. Ẹ óò jókòó síbí yìí, ẹ óò máa ná ọjà Èkó. Ẹ óò jókòó síbí yìí, ẹ óò wà ní Jerúsálẹ́mù. Àwọn ọmọ ilé ìwé yín ò tún ní í máa wo máàpù mọ́. Etí odò Ọya gan-an ni wọn óò ti máa kẹ́kọ̀ọ́."

"Ṣé omi rẹ̀ á tutù sí wọn lẹ́sẹ̀?"

"Ìyẹn náà ń bọ̀."

Ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Òórùn ńkọ́? Ìyẹn náà ń bọ̀. Iná tí kì í wà ńkọ́? Ìyẹn náà ń bọ̀. Mo ṣa ẹ̀wà mi lọ. Èmi kì í bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú jiyàn, nítorí kò sí ohun tí èèyàn lè fi jáwé olúborí. Bí o bá ní irọ́ ni, wọ́n á ní kí o dúró ná. Bí o bá dúró, tí o kò rí nǹkan kan, wọ́n á ní o kò tíì dúró tó.

Jógíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà, ní ilé ìwé gírámà kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò mi ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá wa ti kú. Bàbá wa kò kúrò ní abà rẹ̀ láàárín Ìsẹ̀ sí Èmùré, níbi tó ti ń ṣe kòkó àti iṣu láti ìgbà tí a kò tíì bí èyíkéyìí nínú wa. Ọmọ Ìláwẹ̀ ni ọkùnrin yìí, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Adó tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà. Èèyàn dáadáa ni. Mo fẹ́ sọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí lè mú kí ẹ rò pé èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń bọ́ bàtà kó tó wọlé mi. Bó bá jẹun tán, ó máa ń kó àwo lọ sí kíṣìnì fúnra rẹ̀, èyí tí n kò rí kí ọkọ mi ṣe rí títí tó fi jáde láyé.

Ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ tuntun. Wọ́n ti fi ọ̀dà bo Ondó lójú pátákó ilé ìwé wa, wọ́n sì kọ Èkìtì lé e lórí, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ràn sí i dáadáa, o ṣì ń rí Ondó lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò ní ohun tó ń retí. Ẹni tó ní ilẹ̀ lọ́nà Adó ń retí ilé alájà, olùkọ́ ń retí ìgbéga, àwọn bàbá tó ń jókòó sábẹ́ igi ní Ìsẹ̀ ń retí títì ọlọ́dà. Nínú gbogbo ìrètí yẹn, ti ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yìí kò tilẹ̀ ya èèyàn lẹ́nu. Ó ṣáà jìnnà ju ti àwọn yòókù lọ ni.

Láìpẹ́ yìí ni èmi náà gbé awò yẹn wọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé e wá láti òkè òkun, ó dè é mọ́ mi lórí, mo sì rí òkun àti ẹja ńlá kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó dára, n kò ní í parọ́. Mo na ọwọ́ sí ẹja náà, ọwọ́ mi gbá kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo bọ́ ọ, ọmọ náà ní èyí kò tíì jẹ́ nǹkan kan, ó ní kò ní í pẹ́ tí gbogbo wa yóò fi máa gbé inú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ fi omi gbígbóná sí ọwọ́ mi. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti ń gbọ́ pé kò ní í pẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mò ń sọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi àdúrà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Bó bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá náà yóò ní, "Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ." Ó ti kọ ọkùnrin kan tẹ́lẹ̀, olùkọ́ bí èmi, ó ní ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ kọjá owó oṣù àti ẹ̀fọn. Èyí tó ń sọ ti ayé tuntun yìí, ó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú yàrá mi. Bí ọkùnrin náà bá ti lọ tán, àbúrò mi yóò wá jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, yóò máa sọ ohun tó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo wà ní pálọ̀ tí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá wa béèrè kí ẹbí ọkọ tó wá tọrọ rẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà wá ṣe ọ̀wẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ àna kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn óò dé oko rẹ láàárọ̀ kùtù, wọn óò kọ ebè fún ọ, ìwọ yóò gún iyán fún wọn, wọn óò jẹ, wọn óò pa ọ́ lẹ́rìn-ín, wọn óò sì lọ. Àwọn tó ka ìwé kì í ṣe é mọ́. Wọ́n á fi kéèsì mínírà àti ẹ̀bẹ̀ dípò rẹ̀, bàbá ìyàwó á sì gbà. Bàbá tèmi kò fẹ́ mínírà.

"Èyí ò níí ṣe pẹ̀lú uṣẹ́," ó sọ fún mi nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́. "Alágbàṣe kún ùlú. Mo fẹ́ rí i lórí ulẹ̀ mi ni. Ṣebí èmi náà ṣe é fún bàbá ìyá rẹ. Mo mú ará Èmùré mẹ́ta dání, wọ́n jẹ uyán bàbá náà débi tó fi ní kí n yáa mú ọmọ náà lọ kíá."

Mo ní ayé ti yí padà.

"Ẹnu àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn," ó ní. "Sọ fún un kó wá."

Mo rò pé ọkùnrin náà yóò bínú. Inú rẹ̀ dùn ni. Ó ní òun yóò ṣe ọ̀wẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ rí ní gbogbo gúúsù Èkìtì. Ó béèrè oríṣiríṣi ìbéèrè lọ́wọ́ àbúrò mi nípa oko náà: ibo ni oòrùn ti ń yọ síbẹ̀, báwo ni abà ṣe rí, igi wo ló wà létí ọ̀nà, báwo ni ebè ṣe máa ń tò. Àbúrò mi fi igi ìṣáná àti ìdérí ìgò ṣàlàyé fún un lórí tábìlì mi. Ojú rẹ̀ ń dán. Èmi náà rò ó pé bóyá mo ti ń fojú kéré ọkùnrin yìí jù.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, bàbá wa kọ ebè tirẹ̀, ó sì fi apá kan sílẹ̀ fún àna rẹ̀. Apá tó fi sílẹ̀ náà wà létí ọ̀nà, ní ibi tí gbogbo ẹni tó ń lọ oko gbọ́dọ̀ rí. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń bi í pé ta ló ni ìyókù, ó ń sọ fún wọn pé ti ọkọ ọmọ òun ni. Bó ṣe ń sọ ọ́, o máa mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá pé, èmi àti àbúrò mi ti sùn sí abà. Àwọn obìnrin abà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu kí ìrì tó gbẹ. Bàbá wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ́ jù, ó to ọkọ́ mẹ́fà tí ó ti pọ́n sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri fún àwọn àlejò. Oòrùn ti ga díẹ̀ kí a tó gbọ́ ìró ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù kan ló ń bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ tó ń ṣàìsàn mọ́ra, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ náà àfi awakọ̀.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ńkọ́?" ni àbúrò mi bi í.

"Dúró kí o rí nǹkan," ó ní.

Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tí a fẹ́ gbé iyán lé. Ó tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹyẹ inú kòkó sá lọ. A dúró, nítorí kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í yára jí. Nígbà tó tan, oko bàbá wa ló wà lójú rẹ̀. Abà nìyí, pẹ̀lú páànù rẹ̀ tó ti pọ́n. Igi ìrókò létí ọ̀nà nìyí. Apá ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ náà nìyí, ebè sì ti kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo wọn dọ́gba, wọ́n sì tò bí ọmọ ilé ìwé tó ń to ìlà. Ó ní òun fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ yà á. Ó ní bí Bàbá bá tẹ bọ́tìnnì yìí, wọn óò máa rìn lọ síwájú. Bí wọ́n bá tẹ èyí, wọn óò yà sọ́tùn-ún. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyí, lọ́jọ́ tí awò yẹn bá dé, Bàbá yóò gbé e wọ̀, wọn óò sì wà láàárín ebè yìí gan-an láìkúrò lórí àga.

"Ọ̀wẹ̀ mi nìyí, Bàbá," ó ní, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo wo ojú bàbá mi. Ohun tí mò ń retí ni pé kó bínú, tàbí kó sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo abà yóò máa sọ títí ọdún yóò fi parí. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó tẹ bọ́tìnnì náà, oko rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Háà!" ó ní. "Ẹ wá wò ó! Mò ń lọ!"

Ó rìn. Ó yà sọ́tùn-ún. Ó kọlu ìrókò, ó gba inú rẹ̀ kọjá sí òdì kejì, ó rẹ́rìn-ín débi tí ikọ́ fi mú un. Ó ní oko tí kò ní koríko, tí kò ní ejò, tí kì í dun èèyàn lẹ́yìn, irú rẹ̀ ni òun ti ń tọrọ láti ìgbà èwe. Ó ránṣẹ́ pe àwọn tó wà ní abà kejì. Bí wọ́n ṣe ń dé ló ń fi hàn wọ́n, ó ń sọ fún wọn pé àna òun ló kọ gbogbo ebè yìí, ó sì ń fi ìka ka ebè náà lójú gíláàsì. Mo jẹ́wọ́ pé ẹnu yà mí. Mo ti rò pé èmi àti bàbá mi ni kì í tètè gba nǹkan gbọ́ nínú ilé wa. Àṣé èmi nìkan ni.

Àbúrò mi dúró sẹ́yìn àga bàbá. Ó wo kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà pípẹ́.

"Kò sí èèyàn níbẹ̀," ó ní.

"Èèyàn ló ṣòro jù láti yà," ni ọkùnrin náà dá a lóhùn. "Ìyẹn náà ń bọ̀."

Epo jẹnẹrétọ̀ tán, oko náà kú. Àwọn obìnrin gbé iyán jáde. Ọkùnrin náà àti awakọ̀ rẹ̀ jẹ ẹ́ dáadáa, wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tó kọ ebè. Kí wọ́n tó lọ, bàbá sọ fún un pé òun ti gbà á ní àna, kí ẹbí rẹ̀ wá nígbà tó bá wù wọ́n. Nítorí náà, lójú gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọkọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lẹ́bàá ògiri, mo bá bàbá mi kó wọn wọlé.

Ilẹ̀ etí ọ̀nà náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Òjò ń rọ̀, ti gbogbo èèyàn ti ní ebè, wọ́n ń gbin iṣu. Alábàágbé bàbá kan ní kí òun àti àwọn ọmọ òun bá a kọ ọ́ kí àsìkò tó kọjá, bàbá kọ̀. Ó ní ọ̀wẹ̀ ẹni kan ni, ẹlòmíràn kì í bá èèyàn ṣe é. Alábàágbé náà bi í pé ṣebí ó ní wọ́n ti ṣe é. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n kò gbin nǹkan kan sí i. Nígbà tí mo bi í pé kí ló wá fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe, ó ní kí n má da òun láàmú. Mo rí i pé ìdùnnú ọjọ́ yẹn ti ń ṣá lójú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Àbúrò mi sọ fún ọkùnrin náà pé kó wá, àní òun nìkan ṣoṣo, àní fún ìyálẹ̀ta kan. Inú pálọ̀ mi ni wọ́n ti sọ ọ́, mo sì wà níbẹ̀, mò ń máàkì ìwé.

"Ṣé bàbá ló ń bínú?" ó béèrè.

"Bàbá kò bínú. Èmi ni mo fẹ́ kí o wá."

"Kí n wá ṣe kí ni? Ebè tí èèyàn fi ọwọ́ kọ, òjò á wó o, wọ́n á wa iṣu inú rẹ̀, ó parí. Èyí tí mo ṣe kò lè bàjẹ́ láéláé. Àwọn ọmọ wa á rìn nínú rẹ̀." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo ṣe é fún ọ ni."

Òótọ́ ló ń sọ. Ó ṣe é fún un, mo sì gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà bí mo ṣe gbà á gbọ́ lónìí. Ó ní òun yóò wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kó má baà jẹ́ pé òun kọ̀ ọ́. Kò wá. Àwọn kan fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà. Sátidé kejì, òjò ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sí Èkó lọ rí àwọn tó ní awò.

Àbúrò mi wá jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi bó ṣe máa ń ṣe, ó bi mí pé kí ni mo rò. Mo sọ fún un pé ayé tí ọkùnrin yìí ń sọ, n kò rò pé yóò dé nígbà tó ní yóò dé, bó bá sì dé, yóò kéré sí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, olùkọ́ ni mí.

"Ṣé ohun tí mo bi ọ́ rè é?" ó ní. Ohùn rẹ̀ le. "Kí ó dé, kó má dé, kí ló kàn mí? Ùwọ náà jókòó sí ubi tí o wà, ò ń sọ ti ayé tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Ulẹ̀ bàbá mi wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn èèyàn ń kọjá."

Ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì bínú sí i títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí mo ti ń ka ara mi sí ẹni tó ríran jìnnà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àsìkò iṣu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán nígbà tí ọkùnrin náà padà wá láti Èkó. Ó wá bá wa ní abà, ó fẹ́ kí bàbá dá ọjọ́ ìtọrọ. Àbúrò mi kò sí nílé. Bàbá fi ìka hàn wá, ó wà létí ọ̀nà, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ ebè. Kò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, akọ̀wé ọ́fíìsì ni. Àwọn ebè tó ti kọ kò dọ́gba, òmíràn ga, òmíràn tẹ̀, koríko sì yọrí lára wọn. Èmi àti ọkùnrin náà rìn dé etí ilẹ̀ náà, ó dúró lórí ọ̀nà. Ó wọ bàtà aláwọ tó mọ́.

Àbúrò mi nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbé ọkọ́ náà, ó na èèkù rẹ̀ sí i.

"Wá kọ ẹyọ kan," ó ní. "Ẹyọ kan péré. Kò sí bí ó ṣe rí tí kò dáa."

Mo gbàdúrà lọ́kàn mi pé kó gbà á. Èmi tí mo ti ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo dúró níbẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run nítorí ebè kan.

"Ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù," ó ní. "Ọdún tó ń bọ̀, mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n gbọ́, mo ti tún oko náà ṣe. O ní kò sí èèyàn níbẹ̀, àbí? Mo ti fi ọ́ sí i. O wọ aṣọ pupa, o dúró sídìí ìrókò. Ibi yòówù kí Bàbá gbà wọlé, ìwọ ni wọn óò kọ́kọ́ rí. O kàn dúró síbẹ̀ ni, ò ń rẹ́rìn-ín."

Ọwọ́ àbúrò mi ṣì na ọkọ́ náà sí i. Lẹ́yìn náà, ó fà á padà.

"Ó dáa," ó ní. "Fẹ́ ìyẹn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ó wojú mi kí n lè bá a rẹ́rìn-ín, nígbà tí n kò rẹ́rìn-ín, ó tún wo àbúrò mi, ó pè é ní orúkọ tó máa ń pè é nígbà tí wọ́n bá wà ní àwọn nìkan. Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ebè lọ, kò sì gbójú sókè mọ́. Ọkùnrin náà dúró pẹ́. Ó yẹ kó ti wọ inú ilẹ̀ náà nígbà yẹn, mo sì gbà pé bó bá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ìbá tún ṣe. Ó fọwọ́ kan ẹnu bàtà rẹ̀, bí ẹni fẹ́ bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ó padà sí abà lọ dágbére fún bàbá.

Mo bọ́ bàtà tèmi. A kọ ebè náà títí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, àwa méjèèjì, ẹ̀yìn ń dùn wá. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti lọ, ó sì ń fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nù ún, débi pé gbogbo ojú rẹ̀ ti dúdú. Nígbà tí a dé òpin ìlà, mo sọ ohun tí mo rò pé yóò tù ú nínú. Mo ní ó ṣì lè tún ara rẹ̀ ṣe, mo ní ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Kò wá ni."